Folarin Balogun: àwọn ìbéèrè tó ń padà wá lójoojúmọ́ àti ìdáhùn wọn

Gbogbo ìgbà tí Balogun bá ti gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ìbéèrè kan náà ló máa ń rọ́ wọlé. Mo kó wọn jọ síbí, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀.

Ta ni Folarin Balogun?

Atamátàsé ni. Orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ ni Folarin Jerry Balogun. Ọjọ́ 3 oṣù Keje ọdún 2001 ni wọ́n bí i, ní Brooklyn, ìlú New York. Ó dàgbà ní London, Arsenal ló kọ́ ọ níṣẹ́, ilẹ̀ Faransé ló ti di gbajúgbajà, ikọ̀ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ló wọ ẹgbẹ́ Monaco.

Ṣé ọmọ Yorùbá ni?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, orúkọ méjèèjì tó ń jẹ́ kò sì fi ilé pamọ́.

Ṣé ẹbí Leon Balogun ti Super Eagles ni?

Rárá. Jámánì ni wọ́n ti bí Leon, ní ìlú Berlin, ẹ̀yìn ló sì máa ń gbá. Orúkọ ìdílé nìkan ló pa wọ́n pọ̀. Bí gbogbo ẹni tó ń jẹ́ Balógun bá jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ta ni a óò máa fẹ́ ní Ìbàdàn?

Báwo ló ṣe jẹ́ ará Amẹ́ríkà nígbà tí London ni wọ́n ti tọ́ ọ?

Ilẹ̀ tí wọ́n bí i sí ni. Láti ọdún 1868 ni Àtúnṣe Kẹrìnlá ti wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà, òun ló sì sọ ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ náà di ọmọ orílẹ̀-èdè. Àwọn òbí rẹ̀ kó padà sí London nígbà tó ṣì kéré gan-an, àmọ́ ibi yòówù kí ọmọ dàgbà sí, ẹ̀tọ́ yẹn kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kankan ní Amẹ́ríkà rí?

Kò gbá fún ẹgbẹ́ kankan níbẹ̀ rí. Kò dé MLS, líìgì bọ́ọ̀lù wọn, kò sì kọ́ bọ́ọ̀lù ní yunifásítì wọn bí ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti máa ń ṣe. Ìgbà tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè bá pè é ni wọ́n sábà máa ń rí i lórí pápá níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan lọ́hùn-ún fi ń sọ pé kì í ṣe tiwọn tán. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ẹni tó bá ń gbá góòlù wọlé fún wọn, tiwọn ni.

Ibo ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù?

Aldersbrook ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tó máa ń gbá lọ́jọ́ Àìkú ní ìlà oòrùn London. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí Arsenal mú un wọ Hale End, ibi tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ wọn ní Walthamstow. Ibẹ̀ náà ni Bukayo Saka, Alex Iwobi àti Eddie Nketiah gbà kọjá. Ọdún kan náà ni wọ́n bí òun àti Saka. Nígbà tí Saka ti di ẹni tí gbogbo Emirates, pápá Arsenal, ń kọrin fún, Balogun ṣì ń gbá góòlù sáwọ̀n lára àwọn ọ̀jẹ̀wẹ́wẹ́, ó ń retí kí wọ́n pe òun náà.

Kí ló ṣe ní Arsenal?

Kò pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀. Oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ló kọ́kọ́ wọ pápá fún ikọ̀ àgbà, nínú Europa League, wọ́n sì na Dundalk ní 3-0. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ bá Molde nílé ní Norway. Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí Mikel Arteta, akọ́nimọ̀ọ́gbá Arsenal, tó ní kó wọlé. Kò tí ì gbóná rárá tí bọ́ọ̀lù fi bá a nínú àpótí, ó yí padà, ó sì rán an sáwọ̀n. Ó tún gbá ọ̀kan sí Dundalk ní oṣù Kejìlá. Góòlù méjèèjì tó ní nínú ìdíje fún ikọ̀ àgbà Arsenal nìyẹn.

Nígbà tí líìgì 2021 bẹ̀rẹ̀, ara Aubameyang àti Lacazette, àwọn atamátàsé Arsenal, kò yá, òun ni wọ́n sì fi ṣáájú nílé Brentford. Ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn nínú Premier League. Brentford ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè dé ni, ilé wọn ń hó yèè, wọ́n sì na Arsenal ní 2-0. Àwọn tó máa ń fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo dá agbábọ́ọ̀lù lẹ́jọ́ ti pa fáìlì rẹ̀ dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Middlesbrough ńkọ́?

Oṣù mẹ́fà, góòlù líìgì mẹ́ta. Oṣù Kìíní ọdún 2022 ni Arsenal yá a fún wọn, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Chris Wilder, nínú Championship, líìgì kejì ilẹ̀ England. Ẹgbẹ́ náà rìn dé ìpele àwọn ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú FA Cup lọ́dún yẹn, wọ́n sì lé Manchester United àti Tottenham jáde lójú ọ̀nà. Iye góòlù tirẹ̀ kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ohun tó rí gbà níbẹ̀ ni ìfarakanra pẹ̀lú àwọn àgbà ẹlẹ́yìn tí kì í wo ojú ọmọdé.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Reims gan-an?

Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti yí padà, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2022 ni Arsenal tún yá a jáde. Wọ́n ti ra Gabriel Jesus, Nketiah sì ti buwọ́ lu ìwé àdéhùn tuntun, kò sáyè fún un. Reims kì í ṣe ẹgbẹ́ ńlá, waini Champagne ni ayé fi mọ ìlú náà ju bọ́ọ̀lù lọ. Nílé Marseille ló ti kọ́kọ́ gbá fún wọn. Wọ́n na Reims ní 4-1, òun ló sì gbá ẹyọ kan yẹn.

Ní oṣù Kẹwàá, Reims lé akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, wọ́n sì fa iṣẹ́ lé Will Still lọ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ 30 ọdún ni, kò sì tí ì ní ìwé ẹ̀rí tí líìgì ń béèrè lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Gbogbo ìgbà tó bá darí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni Reims máa ń san ìtanràn 25,000 yúrò. Wọn ò ráhùn, torí pé oṣù gorí oṣù ni wọ́n gbá líìgì láìsí ẹni tó nà wọ́n. Still ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa sáré gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, kí wọ́n sì tètè jù ú síwájú. Ohun tí Balogun ti ń wá nìyẹn láti ọjọ́ yìí: pápá tó ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àti ẹni tí yóò fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síbẹ̀ lásìkò.

Ẹ wo alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, nílé PSG. Messi, Neymar àti Mbappé ló wà níwájú ọ̀tá. Neymar ti gbá ọ̀kan wọlé, rẹfirí sì ti fún Verratti ní káàdì pupa. Àfikún àkókò ti ń tán lọ nígbà tí bọ́ọ̀lù yọ sẹ́yìn àwọn ẹlẹ́yìn PSG. Balogun ti kúrò lójú kan kí wọ́n tó yíjú padà. Ó ku òun àti Donnarumma, aṣọ́lé gíga tó dà bíi ògiri. Kò yìnbọn gbẹ́rẹ́ bí ọmọdé ti máa ń ṣe. Ó dúró díẹ̀ kí ọkùnrin náà lè balẹ̀, ó gbé bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wá tì í sínú àwọ̀n tó ṣófo. Ọ̀mì, 1-1. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó tún gbá mẹ́ta wọlé lẹ́ẹ̀kan náà sí Lorient.

Góòlù líìgì 21 ló fi parí sáà náà. Mbappé, Lacazette àti Jonathan David nìkan ló jù ú lọ, Loïs Openda sì bá a dọ́gba. Ẹ má sì gbàgbé pé ipò kọkànlá ni Reims wà.

Lẹ́yìn góòlù 21, kí ló dé tí Arsenal tún tà á?

Arteta fẹ́ atamátàsé tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn àárín ṣeré, tó sì máa ń dí ọ̀tá lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀yìn ọ̀tá ni ọjà Balogun ti ń tà. Arsenal sì nílò owó, nítorí ọdún tí wọ́n ra Declan Rice náà ni. Balogun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò fẹ́ kí wọ́n tún yá òun fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìròyìn tó jáde nígbà náà ni pé Monaco san mílíọ̀nù 30 yúrò, pẹ̀lú mílíọ̀nù 10 tó lè tẹ̀ lé e. Owó ńlá ni fún ará Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Christian Pulisic ṣì wà níwájú pẹ̀lú mílíọ̀nù 64 yúrò tí Chelsea fi rà á lọ́dún 2019.

Ṣé owó Monaco ti pé?

Díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ korò. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n gbá Nice, aládùúgbò wọn. Monaco rí pẹnáritì méjì, òun ló gbá méjèèjì, Marcin Bulka, aṣọ́lé Nice, sì mú méjèèjì. Nice jáwé olúborí ní 1-0. Agbábọ́ọ̀lù tó bá pàdánù méjì lọ́jọ́ kan, tó jẹ́ àlejò, tó tún wọ́n lówó, iṣẹ́ ń bẹ lọ́rùn rẹ̀. Lábẹ́ òjìji Wissam Ben Yedder, atamátàsé Monaco, góòlù líìgì méje ló fi parí sáà yẹn, ẹgbẹ́ náà sì ṣe ipò kejì.

Ní sáà kejì, èjìká rẹ̀ yẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì kúrò lórí pápá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Kó tó padà bọ̀ sípò, ọrùn ẹsẹ̀ tún dà á dúró. Ìgbà tí ara rẹ̀ le tán, ní ìparí ọdún 2025, la tó tún rí ọmọ Reims yẹn. Òun ló gbá ẹyọ góòlù tí Monaco fi na Galatasaray nínú Champions League ní oṣù Kejìlá. Tẹ́nì kan bá ní kò tí ì tó iye tí wọ́n rà á, n kò ní bá a jiyàn. Tó bá ní kò lè tó o, a ó jọ jókòó sọ ọ́.

Kí ló ti ṣe fún Amẹ́ríkà?

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa ju bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ẹgbẹ́ èyíkéyìí lọ. Oṣù Kẹfà ọdún 2023, ní Las Vegas: wọ́n na Mexico ní 3-0 nínú Nations League, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbá góòlù wọlé sí Canada nínú àṣekágbá, wọ́n sì gba ife.

Copa América ọdún 2024 kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbá ọ̀kan sí Bolivia. Ó tún gbá ọ̀kan tó rẹwà sí Panama láti ẹnu àpótí ńlá, lẹ́yìn tí wọ́n ti lé Timothy Weah jáde. Panama ló padà borí ní 2-1. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà bú òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àjọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà. Uruguay ló lé wọn jáde, akọ́nimọ̀ọ́gbá Gregg Berhalter náà sì lọ.

Ìfarapa kò jẹ́ kó gbá Gold Cup ọdún 2025. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Mauricio Pochettino, ó gbá góòlù sí Japan, Ecuador àti Paraguay. Ricardo Pepi àti Haji Wright ló ń bá a du ipò náà nígbà náà.

Kí ló dé tí kò gbá fún Nàìjíríà?

Ẹ jẹ́ ká fi ìbínú sílẹ̀, ká wo ipò tó ń gbá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ṣí sílẹ̀ fún un. Ní England, Harry Kane ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn mìíràn sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ní Nàìjíríà, Victor Osimhen ń gbá góòlù bí ẹni ń mu omi, ó sì fẹ́ gba ife líìgì Ítálì pẹ̀lú Napoli. Amẹ́ríkà ńkọ́? Ní Ife Àgbáyé Qatar lọ́dún 2022, góòlù mẹ́ta péré ni wọ́n gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin, atamátàsé kan ṣoṣo, Haji Wright, ló sì rí ọ̀kan nínú rẹ̀. Ọlọ́jà tó gbọ́n kì í tẹ́ àtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí gbogbo oníbàárà ti mọ̀. Ibi tó ṣófo ló lọ.

Ẹ fi kún un pé Amẹ́ríkà, Mexico àti Canada ló ni àlejò Ife Àgbáyé ọdún 2026, wọn kò sì ní gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan kí wọ́n tó wọlé. Nàìjíríà ní láti jà fún tirẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Congo Kinshasa fi pẹnáritì lé wa jáde ní Rabat. Ìgbà kejì léraléra nìyẹn tí Ife Àgbáyé kọjá lójú wa. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ òbí rẹ̀, kí ni ẹ̀ bá sọ fún un?

Èyí kò ní kó má dùn wá. Ó dùn mí. Àmọ́ ẹni tó ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀ kò rántí pé Saka náà gbá fún England, a ò sì yé pàtẹ́wọ́ fún un.

Ó ti gbá fún England. Báwo ló ṣe tún gbá fún Amẹ́ríkà?

Ọ̀dọ́ ló gbá fún England, kò dé ikọ̀ àgbà. Ó gbá fún wọn dé orí ikọ̀ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 21 lọ, góòlù méje ló sì rí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló ti kọ́kọ́ gbìyànjú Amẹ́ríkà wò, pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ́dún 2018. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ikọ̀ ọ̀dọ́ England, ó di Orlando, ìlú tí Amẹ́ríkà pàgọ́ sí lọ́sẹ̀ náà gan-an. Àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rọ́ sórí Instagram rẹ̀ láti bẹ̀ ẹ́.

Òfin FIFA gba èèyàn láàyè láti pààrọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò bá tí ì gbá ìdíje fún ikọ̀ àgbà ibi tó wà, tó bá sì ti jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè kejì kó tó gbá ìdíje fún àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bí Balogun ló ti jẹ́ ará Amẹ́ríkà, nítorí náà ọ̀nà là fún un. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni FIFA buwọ́ lù ú. Òfin yìí kan náà ni Ademola Lookman gbà wá bá wa, lẹ́yìn tó ti gba Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú England lọ́dún 2017.

Ṣé ó ṣì lè wá sí Super Eagles?

Kò lè wá mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni FIFA máa ń gba irú pààrọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti lo tirẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi fọ́tò tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà wọ jẹ́sì aláwọ̀ ewé sí i lọ́rùn ránṣẹ́ sí mi mọ́.

Amẹ́ríkà ni mo bí ọmọ mi sí. Ṣé ó lè gbá fún Nàìjíríà?

Ó lè gbá. Ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999, ní abala 25, sọ pé ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun, tí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni. Ẹ tètè gba ìwé ìrìnnà rẹ̀, kó má di pé ẹ̀ ń wá ẹ̀rí kiri nígbà tí wọ́n bá pè é.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ kan ti so ọmọ mọ́lẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Ayo Akinola, tí wọ́n bí ní Detroit, tó dàgbà ní Canada. Ó gbá irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ikọ̀ àgbà Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó tiẹ̀ gbá góòlù sí El Salvador. Lọ́dún 2021 ó kọjá sí Canada. Ìdíje gidi ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣọ́.

Monaco kì í gba owó orí. Ṣé gbogbo owó rẹ̀ ló ń kó sápò?

Láti ọdún 1869 ni Monaco kò ti gba owó orí lórí owó tí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ń rí, àyàfi tó bá jẹ́ ará Faransé. Ọ̀pọ̀ eléré ìdárayá ló torí ẹ̀ kó lọ síbẹ̀. Àmọ́ Amẹ́ríkà kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sá lọ. Ibi yòówù kí ará Amẹ́ríkà wà láyé, dandan ni kó kọ iye tó ń rí ránṣẹ́ sí IRS, àjọ tó ń gba owó orí níbẹ̀, lọ́dọọdún. Níbi tí wọ́n bá ti ń san owó orí fún ìjọba mìíràn, Amẹ́ríkà máa ń yọ ìyẹn kúrò nínú tirẹ̀. Monaco tí kì í gba nǹkan kan kò fi nǹkan kan sílẹ̀ láti yọ. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà, tó sì ń gba owó ńlá níbẹ̀, olùṣírò owó ni kó kọ́kọ́ wá kó tó wá ilé.